Aṣọ Tí CV Wọ̀ Jáde: Ìrísí Lẹ́tà àti Ètò Ojú Ìwé Lọ́wọ́ Olùwáṣẹ́ ní Jákàńdè Estate, Ìsọlọ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí oòrùn tó mú, ni àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Jákàńdè Estate, Òkè-Afá, ní Ìsọlọ̀, ti máa ń ṣílẹ̀kùn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré a máa kùn níta, ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì a máa móoru díẹ̀díẹ̀, pátákó ẹnu ọ̀nà a sì máa sọ fún ẹni tó ń kọjá lọ pé wọ́n ń tàìpù níbẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀rá wé ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì ń ṣe CV. Lára àwọn tó ń jókòó dúró lórí bẹ́ǹṣì ni àgùnbánirọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnlú rẹ̀, obìnrin tí ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ti kógbá sílé, àti awakọ̀ tí wọ́n ní kó mú ìwé wá kí wọ́n tó lè gbà á.

Ìbéèrè kan wà tí ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà máa ń bi oníbàárà: irú lẹ́tà wo ló fẹ́ kí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́? Èsì tó sì máa ń gbà jù lọ ni pé kó lo èyí tó bá dára lójú ara rẹ̀. Nínú èsì kúkúrú yìí ni olùwáṣẹ́ ti gbé ìpinnu lórí ìrísí ìwé rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ìwé náà ni yóò ṣáájú rẹ̀ dé iwájú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, tí yóò sì ṣojú rẹ̀ níbi tí òun fúnra rẹ̀ kò ní sí.

CV ni ìwé tí ènìyàn to ẹ̀kọ́ tó kọ́, iṣẹ́ tó ti ṣe, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe àti ọ̀nà tí a lè gbà kàn án sí, kí ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun pè é wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Fọ́ǹtì ni orúkọ tí àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà ń pe ìrísí tí gbogbo lẹ́tà inú ìwé kan jọ ní, bí àwọn ọmọ ìyá kan ṣe máa ń fojú jọra. Ètò ojú ìwé ní tirẹ̀ ni bí a ṣe pín àyè orí tákàdá, láti etí rẹ̀ dé àlàfo tó wà láàárín ìlà kan àti èkejì.

Ọ̀wọ̀ ni ètò tó dára jẹ́, tí ẹni tó kọ̀wé ń bù fún ẹni tí yóò kà á. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kún, tí ìwé sì pọ̀ níwájú rẹ̀, ń wá nǹkan mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú CV, ìwé tó bá sì jẹ́ kó tètè rí wọn ti ṣe é lóore kí ẹni tó ni ín tó lanu sọ̀rọ̀.

Ìwé tí a rán níṣẹ́

Kí ìwé kíkọ tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn baba ńlá ti mọ̀ pé bí a ṣe to nǹkan lè yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Nínú àrokò, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ohun èlò ránṣẹ́ sí ara wọn dípò ọ̀rọ̀ ẹnu, owó ẹyọ méjì tí wọ́n so kojú síra ń sọ ti ìrẹ́pọ̀, ṣùgbọ́n owó ẹyọ méjì kan náà, bí wọ́n bá so wọ́n kẹ̀yìn síra, ọ̀rọ̀ ìjà ni. Ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ ń fà sí ẹni tó gbà á, nítorí pé ẹfà àti fífà bára mu létí. Ẹni tó bá ti ka iye owó ẹyọ nìkan, tí kò wo bí wọ́n ṣe so ó, kò tíì gbọ́ iṣẹ́ tí a rán sí i.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni CV rí. Àwọn Yorùbá ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà sì hàn kedere lọ́fíìsì àwọn tó ń ṣa ìwé olùwáṣẹ́, nítorí pé àyè àtiwo ìwé kọ̀ọ̀kan fínnífínní kò sí. Ilé iṣẹ́ Ladders ní Amẹ́ríkà lo ẹ̀rọ tó ń tọpa ojú láti mọ ibi tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń wò, àbájáde tí wọ́n sì gbé jáde ní ọdún 2018 ni pé ìṣẹ́jú àáyá 7.4 ni wọ́n ń lò, ní ìpíndọ́gba, ní wíwò àkọ́kọ́. Ìwé tí àkọlé rẹ̀ hàn gedegbe, tí ètò rẹ̀ sì rọrùn, ni ojú wọn dúró lé lórí.

Èrò tó ń wá iṣẹ́ ní Nàìjíríà kò kéré. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, ọdún 2014, nígbà tí àjọ tó ń bójú tó ìwọlé-wọ̀de orílẹ̀-èdè yìí ṣe ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ láwọn pápá ìṣeré káàkiri, àwọn olùwáṣẹ́ kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Àbújá, ní Port Harcourt àti láwọn ìlú mìíràn. Ìrísí ìwé kò lè wo irú àìsàn ìlú bẹ́ẹ̀ sàn, kò sì sí fọ́ǹtì tó ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ níbi tí iṣẹ́ kò sí. Ṣùgbọ́n níbi tí èrò bá ti pọ̀ tó báyìí, ohun ìbànújẹ́ ni kí wọ́n ti ẹni tó kúnjú òṣùwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí pé ohun tó lè ṣe fara sin sínú ìwé tó dàrú.

Àṣà tí ẹ̀rọ ìtàìpù fi sílẹ̀

Ẹni tó bá wo CV mẹ́wàá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé ládùúgbò yóò rí i pé wọ́n jọra: ọ̀rọ̀ náà “CURRICULUM VITAE” yóò wà láàárín gbùngbùn òkè, ní lẹ́tà ńlá, pẹ̀lú ìlà lábẹ́, gbogbo àkọlé ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ lẹ́tà ńlá, wọn yóò sì fa ìlà sábẹ́ àwọn náà. Ẹ̀rọ ìtàìpù ló bí àṣà yìí.

Ní ayé ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun, àwọn akọ̀wé kan wà nílùú Èkó tí iṣẹ́ wọn ni láti máa bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ àti lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, àwọn tí ọwọ́ wọn bá sì tẹ ẹ̀rọ ìtàìpù lára wọn di ẹni àyẹ́sí. Ìrísí lẹ́tà kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà ní, ìwọ̀n kan ṣoṣo náà sì ni. Bí akọ̀wé bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan yọ láàárín àwọn tó kù, ohun tó lè ṣe ni pé kó lo lẹ́tà ńlá, kó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, tàbí kó tú lẹ́tà ká. Kọ̀ǹpútà ti gbé lẹ́tà tó ki àti lẹ́tà oríṣiríṣi ìwọ̀n dé, ṣùgbọ́n ìlà abẹ́ àkọlé kò tíì kúrò nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó máa ń gé ẹsẹ̀ lẹ́tà bíi g, p àti y, ó sì tún máa ń bo àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ mọ́lẹ̀.

Ogún kejì tí ẹ̀rọ ìtàìpù fi sílẹ̀ tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lórí ẹ̀rọ náà, àyè kan náà ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gbà, yálà i tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni tàbí W tó fẹ̀. Nítorí náà, bí akọ̀wé bá tẹ àlàfo lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó mọ ibi tí òun yóò balẹ̀ sí, ọdún tó sì tò sápá ọ̀tún yóò gún régé láti òkè délẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì òde òní, i ń gba àyè kékeré, W ń gba àyè ńlá, àlàfo tí wọ́n fi ìka tẹ̀ kò sì lè mú ìlà dọ́gba mọ́.

Ìgbà tí ìwé bá kúrò lórí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí òmíràn ni èyí ń hàn jù. Ìlà tó sọ pé olùwáṣẹ́ ka ìmọ̀ ìṣirò owó ní yunifásítì láti 2016 dé 2020 wà létòlétò ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, torí pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fi ìka gbá àlàfo títí ọdún fi bọ́ síbi tó yẹ. Nígbà tí wọ́n bá ṣí i lọ́fíìsì tí kò ní fọ́ǹtì náà, 2016 yóò sún wọnú, 2020 yóò já bọ́ sórí ìlà kejì, gbogbo ọdún tó wà lójú ìwé yóò sì fọ́n káàkiri bí àgbàdo tí adìyẹ tú. Bọ́tìnì tí a ń pè ní Tab ni àtúnṣe rẹ̀, nítorí pé ó máa ń gbé ọ̀rọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀, láìka fọ́ǹtì sí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lò lè kọ ọdún sórí ìlà tirẹ̀ lábẹ́ orúkọ ilé ẹ̀kọ́, kó má sì wá ìnira.

Ìdílé lẹ́tà àti ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá

Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni ọkùnrin tí Jákàńdè Estate ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ fi là. Kí Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè tó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 1979, tí ó sì kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi ń rántí rẹ̀ títí dòní, ó ti bá ìwé ìròyìn Daily Service ṣiṣẹ́, ó ti jẹ́ olóòtú àgbà fún Nigerian Tribune, orúkọ John West ló sì fi ń kọ̀wé. Àwọn oníwèé ìròyìn irú tirẹ̀ mọ̀ dájú pé bí ìrísí lẹ́tà kò bá bá ojú mu, òǹkàwé yóò gbé ìwé sílẹ̀.

Láti ọ̀dọ̀ àwọn oníwèé ìròyìn bákan náà ni ọ̀kan lára àwọn fọ́ǹtì tó gbajúmọ̀ lórí CV ní Nàìjíríà ti wá. Ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ló ní kí wọ́n ṣe Times New Roman, Stanley Morison ló darí iṣẹ́ náà, Victor Lardent ló ya lẹ́tà rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọdún 1932. Òpó tóóró ni wọ́n ń tẹ ìròyìn sí, nítorí náà ni wọ́n ṣe ṣe é kí ọ̀rọ̀ púpọ̀ lè wọ àyè kékeré. Ó ní ìrù kéékèèké létí lẹ́tà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé wọ́n máa ń ran ojú lọ́wọ́ láti tẹ̀ lé ìlà lórí tákàdá.

Ẹgbẹ́ kejì ni àwọn tí kò ní ìrù, tí etí wọn gé mọ́lẹ̀ báyìí. Lára wọn ni Arial, tí ilé iṣẹ́ Monotype ṣe ní ọdún 1982, àti Calibri tí Lucas de Groot ṣe fún Microsoft, tó sì di fọ́ǹtì tí ètò Word ń ṣí pẹ̀lú láti ẹ̀dà ọdún 2007 títí Aptos fi gba ipò rẹ̀ ní ọdún 2023. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé irú èyí máa ń rọrùn kà lójú kọ̀ǹpútà àti fóònù.

Kódà àwọn ìjọba ńlá ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Amẹ́ríkà fi Courier New sílẹ̀ bọ́ sí Times New Roman ní ọdún 2004. Ní ọdún 2023 wọ́n bọ́ sí Calibri nítorí àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa àti àwọn tó ń fi ẹ̀rọ kàwé, ní ìparí ọdún 2025 wọ́n sì tún padà sí Times New Roman. Ní Pakistan, ní ọdún 2017, àwọn tó ń ṣe ìwádìí kíyè sí i pé Calibri ni wọ́n fi tẹ ìwé kan tí déètì ara rẹ̀ jẹ́ 2006, nígbà tí fọ́ǹtì náà kò tíì dé ọwọ́ gbogbo ayé. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún olùwáṣẹ́ ni pé ìrísí lẹ́tà máa ń jẹ́rìí, yálà ẹni tó kọ̀wé mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ewu tó wà láwọn ṣọ́ọ̀bù wa ni pé kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tẹ CV náà ni wọ́n fi ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó, ètò ìsìn òkú àti pátákó ọjọ́ ìbí. Lẹ́tà tó ń tẹ̀ bí ọwọ́ ìkọ̀wé, tó sì ní ìrù gígùn, bá ìwé ìgbéyàwó mu nítorí pé ayọ̀ ló ń kéde. Bó bá wá rìn wọ inú CV, ó ń mú kí ẹni tó ń kà á máa fojú wá nọ́ńbà fóònù àti orúkọ. Comic Sans, tí Vincent Connare ṣe ní ọdún 1994 ní àwòṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé àpanilẹ́rìn-ín, kò yẹ níbẹ̀ bákan náà. Fọ́ǹtì kan tó fara balẹ̀ ti tó fún odindi CV, bí ó bá sì di méjì, kí èkejì jẹ́ ti àkọlé nìkan.

Ìwọ̀n, etí ìwé àti àlàfo

Póìntì ni wọ́n fi ń wọn lẹ́tà, póìntì 72 ló sì wà nínú ínǹṣì kan. Fún ọ̀rọ̀ inú CV, póìntì 11 tàbí 12 ló tẹ́ ọ̀pọ̀ ojú lọ́rùn. Times New Roman tí lẹ́tà rẹ̀ kéré fẹ́ 12, Arial tí lẹ́tà rẹ̀ fẹ̀ lè gba 10 tàbí 11. Orúkọ olùwáṣẹ́ lè tóbi tó póìntì 16 tàbí 18, àkọlé sì lè jẹ́ 13 tàbí 14 ní lẹ́tà tó ki, láìsí pé a fa ìlà kankan sábẹ́ rẹ̀.

Àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n dín lẹ́tà kù di póìntì 8 tàbí 9 kí gbogbo ọ̀rọ̀ lè wọ ojú ewé kan. Ojú ọ̀dọ́ lè gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó ń ṣèpinnu ti lé ní ogójì ọdún, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń wá awò ojú wọn lórí tábìlì kí wọ́n tó lè kà á. Ó sàn kí a gé ọ̀rọ̀ tí kò wúlò kúrò, tàbí kí CV di ojú ewé méjì, ju kí a fún lẹ́tà pa lọ.

Tákàdá A4, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà ń lò, jẹ́ mìlímítà 210 níbùú àti 297 lóròó. Àmọ́ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣètò rẹ̀ sórí ìwọ̀n Letter ti Amẹ́ríkà, tó fẹ̀ díẹ̀ jù ú lọ, tó sì kúrú jù ú, ìdí nìyẹn tí ìlà tó kẹ́yìn CV fi máa ń ṣí lọ sójú ewé mìíràn nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni tó ń tẹ̀wé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí ìwọ̀n tákàdá sí A4, kó sì fi etí tó tó ínǹṣì kan, ìyẹn sẹ̀ńtímítà 2.54, sílẹ̀ yíká.

Fọ́tókọ́pì náà tún wà láti rò. Ọ̀pọ̀ olùwáṣẹ́ kì í tẹ CV jáde ju ẹyọ kan lọ, ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà mẹ́wàá, nígbà tí ìyẹn bá sì tán, wọ́n á tún ṣe ẹ̀dà lára ẹ̀dà. Lẹ́tà tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, lẹ́tà eérú àti àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ á máa ṣá díẹ̀díẹ̀ títí ìdajì ọ̀rọ̀ yóò fi di òjìji. Lẹ́tà dúdú tó ki díẹ̀ lórí tákàdá funfun ló máa ń la ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ já.

Nígbà tí ṣ bá sọnù

Ní àdúgbò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jẹ́ Ṣẹ́gun, Ṣadé, Ọláyínká àti Ẹniọlá, ọ̀ràn kan wà tí ọ̀pọ̀ ìwé ìmọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè lórí CV kì í mẹ́nu bà, ìyẹn ọ̀ràn àmì abẹ́ lẹ́tà. Àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ọmọ Yorùbá bíi Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ló fi ìdí àkọtọ́ Yorùbá múlẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ìwé Ìròyìn tí míṣọ́nnárì Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859 wà lára àwọn ìwé tó kọ́kọ́ gbé èdè náà jáde nínú ìtẹ̀wé, ní ọdún 1875 ni wọ́n sì ṣèpàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ ọ́.

Kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé ìlànà àgbáyé kan tó ń jẹ́ Unicode, tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn níbẹ̀. Èdè Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, nítorí náà fọ́ǹtì èyíkéyìí tí wọ́n bá ṣe fún àwọn ará ibẹ̀ yóò ní méjèèjì. Àmọ́ ṣ kò sí nínú èdè wọn, ó sì rọrùn fún àwọn tó ń ṣe fọ́ǹtì láti gbàgbé rẹ̀. Bí fọ́ǹtì kò bá ní ṣ, kọ̀ǹpútà yóò lọ yá a lọ́dọ̀ fọ́ǹtì mìíràn, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ Ṣadé yóò sì dúró láàárín àwọn tó kù bí ẹni tí kò rí aṣọ ẹbí rà ṣùgbọ́n tí kò lè ṣàì wá sóde.

Ẹ́ tó ní àmì ohùn lórí àti àmì lábẹ́ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ rárá. Méjì ni wọ́n so pọ̀ di ọ̀kan, bí fọ́ǹtì kò bá sì mọ̀ ọ́n so, àmì ohùn yóò fò lọ sórí lẹ́tà kejì. Fọ́ǹtì ọ̀fẹ́ bíi Charis SIL, Gentium àti Noto ń gbé gbogbo àmì Yorùbá dáadáa, àwọn tó dá YorubaName sílẹ̀ sì ti ṣe kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ tí a lè fi tẹ èdè náà.

Èrò àwọn ènìyàn kò ṣọ̀kan lórí bóyá kí olùwáṣẹ́ fi àmì sí orúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ń sọ pé kí orúkọ inú CV bá ti ìwé ẹ̀rí mu, nítorí pé ìyàtọ̀ kékeré láàárín ìwé WAEC, ìwé ẹ̀rí ìsìnlú àti CV lè dá ènìyàn dúró fún ọ̀sẹ̀ gbáko. Àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá sì ń sọ pé orúkọ tí kò ní àmì ti pàdánù ìdajì ìtumọ̀ rẹ̀. Méjèèjì ló tọ̀nà, wọn kò sì tako ara wọn: kí lẹ́tà orúkọ àti títò rẹ̀ bá ìwé ẹ̀rí mu láìyẹ̀, kí àmì sì wà lórí rẹ̀ nínú CV bí fọ́ǹtì bá gbé e yanjú. Nínú fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí olùwáṣẹ́ kọ ọ́ bó ṣe wà nínú ìwé ẹ̀rí gan-an.

Fóònù, PDF àti ẹ̀rọ tó ń kàwé

Ọ̀pọ̀ CV kì í kan tákàdá mọ́ lónìí. Láti fóònù olùwáṣẹ́ ló ti ń gba WhatsApp tàbí ímeèlì bọ́ sórí fóònù ẹlòmíràn, fóònù kì í sì í ní gbogbo fọ́ǹtì tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá fi ìwé Word ránṣẹ́, fóònù tí kò ní Calibri yóò fi fọ́ǹtì mìíràn dípò rẹ̀, ìlà yóò sún, ojú ewé méjì yóò sì di mẹ́ta. Yàtọ̀ sí èyí, ìlà pupa tí Word ń fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò bá mọ̀ lè yọ lábẹ́ orúkọ Yorùbá gbogbo nígbà tí agbanisíṣẹ́ bá ṣí i, bí ẹni pé àṣìṣe ni orúkọ náà.

PDF ni oògùn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Adobe ló gbé e jáde ní ọdún 1993, ó sì di ìlànà àgbáyé ní ọdún 2008. Ó lè gbé fọ́ǹtì pamọ́ sínú ara rẹ̀, kí ìwé lè rí bákan náà níbikíbi tí wọ́n bá ti ṣí i. Kí olùwáṣẹ́ gba ẹ̀dà méjì lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́: PDF tí yóò máa fi ránṣẹ́, àti Word tí yóò máa tún ṣe, torí pé ẹni tó fi ẹ̀dà kan ṣoṣo sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà oníṣọ́ọ̀bù yóò tún sanwó nígbàkigbà tí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ bá yí padà. Kí wọ́n sì fi orúkọ olùwáṣẹ́ sọ fáìlì náà, nítorí pé fáìlì tó ń jẹ́ “CV tuntun 2” kò dá yàtọ̀ sí ti ọgọ́rùn-ún ẹlòmíràn.

Ẹ̀rọ pẹ̀lú ti di òǹkàwé. Ìkànnì ìwáṣẹ́ ti gbilẹ̀ ní Nàìjíríà láti ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti dá Jobberman sílẹ̀ ní ọdún 2009, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kan sì ń lo ètò kọ̀ǹpútà tó máa ń yọ orúkọ, ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ jáde nínú CV kí ènìyàn tó rí i. Irú ètò bẹ́ẹ̀ lè ṣi CV tó ní òpó méjì kà, ó lè fo ọ̀rọ̀ tó wà nínú àpótí, ó sì lè má rí nǹkan kan kà nínú CV tí wọ́n fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Òpó kan ṣoṣo láti òkè délẹ̀, àkọlé tí gbogbo ènìyàn mọ̀, àti nọ́ńbà fóònù tó wà nínú ojú ìwé gangan dípò orí ìlà àfikún òkè, ni ẹ̀rọ àti ènìyàn jọ ń kà láìsí wàhálà.

Ohun tó yẹ kó ṣáájú

Ètò ojú ìwé kan ohun tí a fi síwájú pẹ̀lú. Nínú ọ̀pọ̀ CV ní Nàìjíríà, ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀sìn àti bóyá ènìyàn ti ṣègbéyàwó ló gba ìdajì ojú ewé àkọ́kọ́, tí iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ sì wà nísàlẹ̀. Ìdí kan wà fún èyí. Ìlànà pínpín ipò láàárín àwọn ìpínlẹ̀, tó ti wà nínú òfin orílẹ̀-èdè yìí láti ọdún 1979, mú kí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jẹ́ ohun tí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń béèrè. Ilé iṣẹ́ aládàáni kò nílò wọn lójú ewé àkọ́kọ́, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ sí Britain yọ ọjọ́ orí, ẹ̀sìn àti fọ́tò kúrò, nítorí pé òfin ìdọ́gba ọdún 2010 níbẹ̀ kò fàyè gba ìyàsọ́tọ̀ lórí nǹkan bí ọjọ́ orí àti ẹ̀sìn.

Orúkọ, fóònù àti ímeèlì ló yẹ kó wà lókè pátápátá. Ìlà méjì tàbí mẹ́ta tó sọ irú òṣìṣẹ́ tí ènìyàn jẹ́ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́, kí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀kọ́. Ẹni tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí lè fi ẹ̀kọ́ àti ìsìnlú rẹ̀ síwájú. Awakọ̀ lè fi irú ọkọ̀ tó ń wà àti iye ọdún tó ti fi wà á síwájú, nítorí pé ohun tí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ń wá nìyẹn.

Nọ́ńbà ara ilé

Àjèjì tó bá wọ Jákàńdè Estate fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé gbogbo ilé ibẹ̀ jọra, torí pé ìrísí kan náà ni wọ́n fi kọ́ wọn, kí iye owó tó kéré lè kọ́ ilé fún ọ̀pọ̀ ẹbí. Síbẹ̀, bí ẹni tó ń bọ̀ bá ti mọ nọ́ńbà ilé àti ti fúláàtì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbé e dé ẹnu ọ̀nà láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Ìrísí kan náà yẹn kò sọ ẹbí kankan di òmíràn. Ohun tó wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ohùn tó ń jáde láti ojú fèrèsé kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀.

Irú iṣẹ́ tí nọ́ńbà yẹn ń ṣe fún àlejò ni fọ́ǹtì tó fara balẹ̀, àkọlé tó hàn àti àlàfo tó tó ń ṣe fún ẹni tó ń ka CV. Nítorí náà, nígbà tí ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà bá tún béèrè irú lẹ́tà tí oníbàárà fẹ́, ó yẹ kí èsì wà lẹ́nu oníbàárà: fọ́ǹtì kan, póìntì 11 tàbí 12, tákàdá A4, kí orúkọ òun pé pẹ̀lú àmì rẹ̀, kí wọ́n sì fi PDF ránṣẹ́ sórí fóònù òun kí òun tó dìde. Kó wá fara balẹ̀ ka ìwé náà láti òkè délẹ̀ níbẹ̀, kó wò ó pẹ̀lú ojú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, kó tó san owó.